Oúnjẹ Ọ̀sán Nínú Ilé Eku

Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí wọ́n wá gba àga tí wọ́n fún mi padà, torí kò sẹ́ni tó tíì rí mi lórí rẹ̀ rí. Wọn ò parọ́. N kì í lè jókòó. Bí mo bá ń dúró de omi kó hó, mo ń rìn. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo ń rìn, ìgbà mìíràn sì wà tí mo máa ń rìn dé ẹnu géètì yunifásítì kí n tó rántí pé sílípáàsì ilé ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Ìyá mi ní láti inú oyún ni, pé mo ń ta òun nípàá débi pé orí ìdúró ni òun ti ń gé aṣọ. Àmọ́ ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló burú jù. Ọdún yẹn ni ìyá mi fẹ́ fi ààwẹ̀ pa ara rẹ̀.

Ilé eku ni ibi iṣẹ́ mi. Orúkọ tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ gùn gan-an, àmọ́ gbogbo ọlọ́kadà Adó-Èkìtì tó bá ti gbé mi rí, ilé eku ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ẹ̀yìn yunifásítì ló wà, níbi tí ilé ìwé ti parí tí oko ẹ̀gẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀. Eku funfun olójú pupa ni a ń sìn níbẹ̀, kì í ṣe irú èyí tí ń bá ẹni jẹ gàrí nínú ilé. Ìwádìí lórí àtọ̀gbẹ ni a fi wọ́n ń ṣe. Lẹ́yìn ikùn eku, bíi ti èèyàn náà, ẹran rírọ̀ kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní páńkíríásì. Inú rẹ̀ ni àwọn hóró kéékèèké kan fọ́n ká sí, wọn ò tóbi tó yanrìn. Àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ní erékùṣù, torí pé wọ́n dá dúró láàrin ẹran tó yí wọn ká. Àwọn hóró yìí ló ń ṣe ínsúlìn, ínsúlìn ló sì ń lé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọlé síbi tó yẹ kó lọ. Bí wọ́n bá kú, ṣúgà á máa rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ láìríbi wọ̀, ara á sì máa gbẹ díẹ̀díẹ̀.

Èmi ni mo máa ń yọ erékùṣù náà jáde láàyè. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ láti ilé ìwé mìíràn tí kò ní irú ilé tiwa máa ń wá bẹ̀ wá lọ́wẹ̀: a ó bá wọn sin eku, a ó fún àwọn kan lábẹ́rẹ́ tí yóò sọ wọ́n di alátọ̀gbẹ, a ó yọ erékùṣù lára àwọn tí ara wọn dá, a ó gbìn ín sára àwọn tó lárùn, a ó wá máa wọn ṣúgà wọn láti mọ̀ bóyá ohun tí a gbìn mú. Ìgbà tí mo bá ń fi ọ̀pá tín-ín-rín ṣa erékùṣù lábẹ́ ẹ̀rọ awò nìkan lọwọ́ mi máa ń dúró jẹ́ẹ́. A ti máa ń pa wọ́n láró kí ojú lè rí wọn, wọ́n á pọ́n bí epo. Ìdúró náà ni mo sì ti ń ṣe é. Mo wá àpótí gíga kan gbé ẹ̀rọ náà lé, ọ̀gá wa rí i, ó mi orí, ó kọjá lọ.

Ìyá mi ní tirẹ̀, aránṣọ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Fájuyì, hìjáábù àti aṣọ ilé ìwé ló ń rán jù. Ó ti pẹ́ tó ti ní àtọ̀gbẹ. Oògùn oníhóró ló ń lò tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí ìyẹn ò ká a mọ́, dókítà gbé e sórí abẹ́rẹ́ ínsúlìn. Èmi ni mo kọ́ ọ bó ṣe máa gún ara rẹ̀. Ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé Ọlọ́run ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ọmọ òun ní eku lẹ́nu iṣẹ́, ó tún ní eku nílé, èyí tó wà nílé nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ránṣọ. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, kí n tó rántí pé kò pani lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ààwẹ̀ ń sún mọ́lé, dókítà sọ fún un pé kó má dán an wò. Ààfáà àdúgbò wa náà wá bá a nílé, ó jókòó, ó sì ṣàlàyé fún un tìfẹ́tìfẹ́ pé aláìsàn ní ìyọ̀ǹda, pé kó máa bọ́ aláìní dípò ọjọ́ tí kò bá gbà, pé Ọlọ́run kò ni ẹnikẹ́ni lára. Ìyá mi gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó gbé omi tútù fún un. Ó wá dá a lóhùn pé, “Ààfáà, ẹ ṣeun. Àmọ́ èmi ò ṣàìsàn. Ṣúgà ni mo ní.”

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni abẹ́rẹ́ yẹn. Abẹ́rẹ́ ò mọ̀ pé èèyàn ń gbààwẹ̀. Bí o bá ti gún un, yóò máa wá ṣúgà tí yóò lé kiri, bí oúnjẹ ò bá sì wọlé, ìwọ̀nba tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ ni yóò gbé mì. Mo ti rí i lára eku. Á kọ́kọ́ dákẹ́, irun ara rẹ̀ á dìde, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Bí èèyàn kò bá tètè fi omi ṣúgà sí i lẹ́nu, ó tán nìyẹn. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi nígbà tó ń gé aṣọ lọ́wọ́. Sísọ́ọ̀sì rẹ̀ ò tilẹ̀ dúró.

Mo ní, “Màámi, ẹ ó kú o. Mi ò bú yín, òótọ́ ni mò ń sọ.”

Ó ní, “O rí i, uṣẹ́ ẹ rẹ ti mú ọ dà bí àwọn nǹkan tí o í sìn. O kàn í sá kiri. Lọ jókòó síbì kan.” Èkìtì wa ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí mo bá ti tọ́ ọ níjà, àwọn oníbàárà ló máa ń fún ní Yorùbá tó dán.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì bá a bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, òun ló ń jí gbogbo agbo ilé wa sí oúnjẹ sàárì kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí aago tí yóò dún ṣáájú rẹ̀. Á kan ilẹ̀kùn láti yàrá dé yàrá, á fi orúkọ pe ẹni tí oorun rẹ̀ bá wúwo, á dúró tì í títí yóò fi dìde. Tí a bá jẹun tán, á gún abẹ́rẹ́ rẹ̀, á kírun, á sì forí lé ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà yẹn lọ, mi ò ní gbádùn mọ́. Bí mo bá ń wọn oúnjẹ eku, mo ń pè é. Bí mo bá ń fọ ìgò, mo ń pè é. Níbẹ̀rẹ̀, ó ń gbé fóònù, á ní, “Mo ṣì wà láyé, kú uṣẹ́,” á sì pa á. Nígbà tó sú u, ó gbé fóònù náà fún àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa sọ fún mi pé òun ń kírun. Mo bi wọ́n pé ìrun wo ló wà ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀.

Lásìkò náà, olùkọ́ obìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa láti ilé ìwé kan tó jìnnà. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìyìn-Èkìtì ló wọ̀ sí, ibẹ̀ ló ti ń wọlé wá láràárọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, onígbàgbọ́ tí ń kọrin ìjọ wúyẹ́wúyẹ́ bó bá ń ṣiṣẹ́. Mo ti bá a yọ erékùṣù, mo ti bá a gbìn ín sára àwọn eku rẹ̀ tó ní àtọ̀gbẹ, ohun tó kù ni kí a mọ̀ bóyá ó mú. Láti mọ̀, a ní láti kó oúnjẹ kúrò níwájú wọn ní ìrọ̀lẹ́, kí omi nìkan kù, kí a wá wọn ṣúgà wọn láàárọ̀. Eku tí ohun tí a gbìn sára rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ṣúgà rẹ̀ á ti walẹ̀. Èyí tí kò bá mú lára rẹ̀, tirẹ̀ á ṣì wà lókè.

Ọjọ́ tí a kó oúnjẹ náà kúrò ni ìyá mi wá sílé eku fún ìgbà àkọ́kọ́. A ti ní kó bá wa rán kóòtù funfun tuntun, ó sì lóun fúnra òun ni yóò gbé e wá, torí àwọn ọmọṣẹ́ òun kì í ṣọ́ra, wọ́n á jẹ́ kí eruku bà á. Ó dé lẹ́yìn ìrun làásárì, lórí ọ̀kadà, ó gbé ẹrù náà mọ́ àyà bí ọmọ. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà. Iná sì ti lọ, fáànù ò ṣiṣẹ́.

Ó wò káàkiri. Ó na ọrùn wo àgò kan, ó wo òmíràn. Àwọn eku dìde, wọ́n fi ọwọ́ kéékèèké di irin mú, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀ láti ibi tí wọ́n wà.

Ó ní, “Wọ́n mọ́ o. Mo rò pé wọ́n máa rùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oúnjẹ ẹ wọn dà?”

Mo ní, “Wọ́n ń gbààwẹ̀ ni, Màámi. Ó di àárọ̀ ọ̀la. Bí wọ́n bá fẹnu kan nǹkan, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.”

“Kò sí sàárì?”

“Kò sí sàárì.”

Ó bojú wò mí. “Ìwọ ọmọ yìí, ìkà ni ọ́ o.”

Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé ó wá, kí n má purọ́. Mo ti ń gbèrò láti fi eku kan tó ti gbọ̀n rí hàn án, kí n sì tún bẹ̀rẹ̀ ìwàásù mi. Àmọ́ ibẹ̀ ni ọ̀gá wa ti pariwo láti ìta pé jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Erékùṣù tó kù nínú ẹ̀rọ tí ń mú wọn lọ́wọ́ọ́wọ́ kò lè pẹ́ láìsí iná. Mo sá jáde. Mo ní kí ìyá mi jókòó dè mí, òun ló sì kọ́kọ́ jókòó lórí àga mi tí gbogbo ayé ń ṣọ̀fọ̀ lé lórí.

A pẹ́ lórí jẹnẹrétọ̀ náà. Olùkọ́ obìnrin wa ń di tọ́ọ̀ṣì mú, ọ̀gá wa ń fa okùn, èmi ń rìn yí wọn po, mo ń sọ ohun tí kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tó wá dún, mo sá padà wọlé. Ìyá mi ṣì wà lórí àga. Ó ti sún hìjáábù rẹ̀ sẹ́yìn, iwájú orí rẹ̀ tutù fún òógùn, ó ń fi etí aṣọ nù ún. Ó ní ooru ilé yìí mà pọ̀, pé báwo ni àwọn ẹran Ọlọ́run ṣe ń fara dà á. Èmi náà ń làágùn. Mo ní kó dìde ká máa lọ kí ọ̀nà Fájuyì tó dí.

A délé kí wọ́n tó pe ìrun. Gbogbo agbo ilé jókòó sórí ẹní, ó sì ṣe àdúrà ìṣínu bó ti máa ń ṣe é, ohùn rẹ̀ gbè, gbogbo wa ń ṣàmín. Ó mú dàbínù kan, èso dídùn tí a fi ń ṣínu, láti inú abọ́, ó di ojú, ó gbé e sẹ́nu. Mo wò ó, mo sì mí kanlẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ó tún ti já a láyọ̀ lónìí, a ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rù lọ́la.

Ní òwúrọ̀, a gé ṣóńṣó ìrù eku kọ̀ọ̀kan díẹ̀, a fi ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀rọ. Ti àkọ́kọ́ lọ sókè. Èkejì náà lọ sókè. Mo pààrọ̀ ẹ̀rọ, mo ní bóyá òun ló bàjẹ́. Ìkan náà ni. Òkè ni ṣúgà gbogbo àwọn tí a gbìn ín fún wà pátá. Olùkọ́ obìnrin náà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó rọra fi ẹ̀yìn ti ògiri títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó ní, “Kò mú. Gbogbo rẹ̀ ti kú.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé inú bí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, láti ojú fèrèsé dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo ń bá ara mi jà: ṣé ọwọ́ mi ló wúwo ni, ṣé oògùn tí a fi tú ẹran náà ló pẹ́ jù, ṣé iná tó lọ ni? Bí mo ṣe ń rìn ni mo rí eku kan tó yí ẹ̀yìn sí mi ní kọ̀rọ̀ àgò, tó ń fi eyín ha nǹkan kan kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Mo na ọwọ́ sí i, mo gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kóró dàbínù ni.

Mo tú lẹ́búlẹ́bú pákó tí a tẹ́ sí ìsàlẹ̀ àgò náà. Mo rí òmíràn níbẹ̀, àti èèpo dàbínù tó ti rọ̀. Mo tú àgò kejì. Mo tú gbogbo wọn. Kò sí àgò tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹnì kan ti fi dàbínù sí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yọ ẹyọ kan sílẹ̀, àwọn eku sì ti jẹ ẹ́ mọ́jú.

Ẹni tó ṣe é kò ṣòro láti mọ̀. Mo tilẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ní Màámi, ẹ ti bá mi fún eku ní sàárì! Mo ti ń wá fóònù mi láti pè é kí n pariwo lé e lórí, nígbà tí mo rí bébà ìnujú kan lórí etí fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Wọ́n ká a dáadáa, bí ìyá mi ṣe máa ń ká gbogbo nǹkan. Mo tú u. Kóró dàbínù ló wà nínú rẹ̀, bíi mélòó kan. Àwọn yìí mọ́ tónítóní, kò sí ojú eyín eku lára wọn. Wọ́n ti lá wọn gbẹ.

Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí òógùn yẹn jẹ́. Kì í ṣe ooru, ṣúgà tó walẹ̀ ni. Ìyá mi ti jókòó níbẹ̀, ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, èmi wà níta mò ń bá jẹnẹrétọ̀ wí. Ìgbà tí oòrùn ṣì wà lókè ló ti já ààwẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló délé, ó jókòó láàrin gbogbo wa, ó ṣe àdúrà ìṣínu, ó sì di ojú gbé dàbínù sẹ́nu.

Mo sọ fún olùkọ́ obìnrin náà pé erékùṣù rẹ̀ lè ṣì wà láàyè, pé àwọn eku jẹun ni, a ó tún un ṣe. Ó bi mí pé ta ló fún wọn. Mo ní ará ilé mi ni, kó jọ̀wọ́. Ó wo kóró tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo ojú mi, ó sì wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ padà. Mo jáde lọ gun ọ̀kadà.

Ní gbogbo ọ̀nà, mò ń to ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo ní màá bú sẹ́kún, mo ní màá jágbe, mo ní màá ju kóró náà sórí tábìlì rẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Ọlọ́kadà ní kí n jọ̀wọ́ má máa mira lẹ́yìn òun. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, ó kún. Àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ́ gba aṣọ ọdún Ìtúnu dúró dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọṣẹ́ ń tẹ máṣíìnì, gbogbo wọn ń gbààwẹ̀, ètè gbogbo wọn gbẹ. Ìyá mi wà láàrin wọn, ó gbé téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò pòórá. Mo kàn dúró síbẹ̀, mò ń gbé ẹsẹ̀ kan, mò ń gbé ìkejì.

Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó dá àwọn oníbàárà lóhùn, ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ìrun àìlà, ó rán àwọn ọmọṣẹ́ lọ ra òwú. Nígbà tó ku àwa méjì, ó fa kọ́tínì.

Ó ní, “Àwọn eku rẹ ti ròyìn fún ọ.”

Mo na bébà náà sí i. Kò gbà á.

“Ara mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n,” ó ní. “Ojú mi í ṣú. Mo mọ̀ ọ́n, torí o ti sọ ọ́ sí mi létí títí. Dàbínù tí mo rà fún ìṣínu wà nínú báàgì.”

“Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?”

“Kí n pè ọ́ wá wo kí ni? Kí o wá wò mí níbi tí mo ti í jẹun lọ́sàn-án ààwẹ̀?”

“Màámi, Ọlọ́run gbà fún yín! Ààfáà sọ fún yín. Dókítà sọ fún yín.”

“Mo gbọ́.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ kan tí ó ti ká tẹ́lẹ̀. “Ọlọ́un gbà fún mi. Mo mọ̀. Kò sí ìgbà kan tí mo rò pé Ọlọ́un á bínú. Ṣé o mọ ohun tó í dùn mí? Gbogbo ulé í gbààwẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù í gbààwẹ̀, èmi tí mo í jí wọn, èmi nìkan á wá jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, kí n máa mu kókó bí ọmọ ọwọ́. Wọn ò ní sọ nǹkan. Wọ́n á máa gbé ojú kúrò lára mi. Láti ìgbà tí bàbá ẹ rẹ ti kú, oṣù yìí nìkan ni mo kì í dá jẹun.”

Mo béèrè èyí tó kéré jù nínú ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo ní, “Kí ló dé tí ẹ fún àwọn eku?”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde dáadáa. “Wọ́n í wò mí. Gbogbo wọn dìde dúró, wọ́n í wò mí lẹ́nu. Ṣé ìwọ lè máa jẹun kí ẹni tó í gbààwẹ̀ máa wò ọ́, kí o má fún un? Mo ní bí mo bá ti já a, kí gbogbo wa jọ já a. Ìgbà tí àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ọkàn mi balẹ̀. Mo rọra jẹ tèmi.” Ó wá gbé ojú sókè. “Ṣé mo ba uṣẹ́ ẹ rẹ jẹ́?”

Mo ní rárá. Mo parọ́, mo sì sunkún, mo rìn yí máṣíìnì rẹ̀ ká. Ó ní kí n dúró, mi ò lè dúró. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbà á mọ́. Àwọn ọmọṣẹ́ ti ń bọ̀, ó sì ṣí kọ́tínì.

Ní sàárì ọjọ́ kejì, ó tún kan gbogbo ilẹ̀kùn. Ó jókòó, ó bá wa jẹun, ó gún abẹ́rẹ́ rẹ̀. Mò ń wá nǹkan kan lójú rẹ̀, mi ò rí i. Mo lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rù kan náà lọ́kàn, èyí tó sì wá burú sí i ni pé mo ti mọ̀ báyìí pé ẹ̀rù mi kò ṣèké. A ti tún kó oúnjẹ kúrò níwájú àwọn eku ní ìrọ̀lẹ́ àná, èmi fúnra mi ni mo sì tilẹ̀kùn. A wọn ṣúgà wọn. Ti àkọ́kọ́ ti walẹ̀. Èkejì walẹ̀. Àwọn erékùṣù náà ti mú, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ obìnrin wa bú sí orin ìjọ wọn, wúyẹ́wúyẹ́ kọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó dì mọ́ mi, ó gbé mi jó káàkiri. Inú mi dùn fún un, mo fi ojú kan wo fóònù mi. Mo pe ìyá mi, ọmọṣẹ́ rẹ̀ gbé e. Ó ní Màmá ò sí ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo ní níbo ló lọ. Ó ní òun ò mọ̀, pé ó gun ọ̀kadà ni.

Mo ti dé ìta, mo ti ń sáré lọ sí ojú títì, nígbà tí mo rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ láti ẹnu géètì. Ìyá mi ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé báàgì aṣọ mọ́ àyà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún hìjáábù rẹ̀ ṣe. Fúláàsì oúnjẹ ló wà nínú báàgì náà, mo rí ìdérí rẹ̀.

Ó ní, “Àwọn ọmọ rẹ, ṣé wọ́n ti jẹun?”

Mo ní, “Rárá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n wọ́n tán ni.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà kò tíì jẹ.” Kò wò mí nígbà tó ń sọ ọ́. “Mo ti gbé ti aláìní lọ fún ààfáà. Má sọ fún ẹnikẹ́ni ní ulé. Ọlọ́un mọ̀, ìwọ mọ̀, àwọn eku mọ̀. Ó tó.”

Mo bẹ olùkọ́ obìnrin náà kó bá mi jáde, ó sì jáde. Mo bu oúnjẹ eku kún gbogbo àgò. Mo gbé àga mi síwájú wọn, mo nù ún, ìyá mi jókòó, ó ṣí fúláàsì rẹ̀. Ẹ̀wà àti dòdò ni. Mo jáde, mo fa ilẹ̀kùn, síbẹ̀ mo gbọ́ nígbà tó wí pé, “Ó yá o, bìsìmílà,” mo sì gbọ́ tí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ha oúnjẹ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ pa pọ̀.

Garawa kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo jókòó lé e, mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Mi ò mọ bó ti pẹ́ tó tí mo wà níbẹ̀ kí ọ̀gá wa tó dé, tó fẹ́ wọlé lọ mú nǹkan. Ó dúró, ó wò mí, ó wo garawa. Ó bi mí pé ṣé ara mi yá.

Mo ní ara mi yá. Mo ní kó jọ̀wọ́, kó má tíì wọlé, àwọn eku ń jẹun.